Ẹni Tó Ń Rọ Tíì fún Du-sik

Ìyá onílé ló kọ́kọ́ rí òkú náà. Ó jáde láàárọ̀ láti bu kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan, nínú ìkòkò tó wà lẹ́yìnkùlé, ló bá rí Eom Du-sik ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn irin. Kóòtù rẹ̀ tó dára jù lọ ló wọ̀. Ìrì dídì ti funfun sí irun orí rẹ̀. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì ń gbé yàrá kan ṣoṣo tó wà lórí òrùlé ilé náà, ní àdúgbò tó kọjú sí èbúté ní Gunsan, nílẹ̀ Kòríà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn kò sì bímọ.

Kí Ìnsípẹ́kítọ̀ Maeng Gyu-cheol tó dé, àwọn ọlọ́pàá tó ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn. Àgbàlagbà tó ń dá gbé ni. Àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá a jà, ilé ìwòsàn sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ó já bọ́ láti òkè. Kí ló tún kù? Irú ikú bẹ́ẹ̀ ti wọ́pọ̀ nílùú wa débi pé a ti ní orúkọ tí à ń pè é, ikú àdáwà, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun ni kí wọ́n máa palẹ̀ yàrá irú òkú bẹ́ẹ̀ mọ́.

Maeng gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tí yóò bá a wí mọ́, ó sì wọlé. Ìgò omi tó ti ṣófo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bébà súwíìtì kún ilẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó rí abọ́ ńlá kan tí wọ́n rẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà dúdú sí.

"Sájẹ́ńtì, wá wo èyí," ó ní. "Ó rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ di òwúrọ̀. Ó sì pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ."

"Bóyá ó gbàgbé, ọ̀gá."

"Ó gbàgbé pé òun fẹ́ kú?"

Sájẹ́ńtì fọwọ́ ra imú, ó wo ilẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ohun tó ń dun ọmọ náà ni pé ọdún tuntun Seollal ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì fẹ́ tètè kọ ọ̀rọ̀ yìí tán kó lè wọ ọkọ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀. Maeng kò ní ibi tó ń lọ. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wà ní Kánádà nítorí ilé ẹ̀kọ́. Bàbá pẹ́pẹ́yẹ là ń pe irú wọn, a sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí bíi pẹ́pẹ́yẹ igbó tó ń ṣí kiri, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń fò lọ wo ọmọ. Ó dúró nínú yàrá Du-sik pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Yàrá náà jọ tirẹ̀, ìyẹn sì bà á nínú jẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Seok In-hye ló gbà á lálejò. Òun ló ń ṣe ìdánwò òògùn tuntun kan fún àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì, Du-sik sì wà lára wọn.

"Ìdajì wọn ń gba òògùn gidi, ìdajì ń gba hóró òfìfo tí kò ní òògùn nínú," ó ní. "Àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Aláìsàn kò mọ èyí tó ń gbé mì, èmi náà kò mọ̀. Kọ̀ǹpútà nìkan ló mọ̀."

"Kí ni òògùn gidi máa ń ṣe síni lára?"

"Ó máa ń gbẹ ẹnu. Ìyọnu wa sì nìyẹn, ọ̀gá. Bí ẹnu èèyàn bá ti gbẹ báyìí, á ní, 'Èmi ni wọ́n fún ní gidi.' Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan lára, á ní ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń tan òun, á sì túbọ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà míì, n kì í mọ èyí tó wo èèyàn sàn, bóyá òògùn ni, bóyá ẹnu gbígbẹ ni."

"Du-sik ńkọ́?"

Dókítà Seok rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Lákọ̀ọ́kọ́, kò rí nǹkan kan. Ó ti fẹ́ fi wá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ́nu rẹ̀ gbẹ, gbogbo nǹkan sì yí padà. Ó ń kọrin fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ó ń béèrè bóyá a ti jẹun. Mo ní òògùn yìí mà dára o."

"Ẹ jẹ́ ká wo èyí tí ẹ fún un. Ó ti kú, kò sí àṣírí kankan mọ́."

Obìnrin náà tẹ kọ̀ǹpútà. Ó tún un tẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì.

"Òfìfo ni," ó ní. "Ìyẹ̀fun àgbàdo lásán."

"Kí ló wá gbẹ ẹ́ lẹ́nu?"

Àwọn tó yẹ òkú wò ló fèsì, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Wọ́n rí òògùn inú rírú nínú ẹ̀jẹ̀ Du-sik, èyí tí àwọn tó ń wọkọ̀ ojú omi máa ń lò kí wọ́n má baà bì. Bó bá kéré, ẹnu ló ń gbẹ. Bó bá pọ̀ lára àgbàlagbà, ojú á máa ṣe bàìbàì, orí á dàrú, á máa rí ẹni tí kò sí níbẹ̀, kò sì ní mọ ibi tí àtẹ̀gùn parí sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, aránṣọ ni Du-sik ní gbogbo ayé rẹ̀. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán. Ìyá onílé ní ẹ̀rù omi ń bà á débi pé kì í rìn lẹ́bàá èbúté.

Maeng béèrè ibi tó ti jẹun kẹ́yìn. Wọ́n tọ́ka ilé oúnjẹ kékeré kan sí i, lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, níbi tí ìyá kan tó ń jẹ́ Bang ti ń se ọbẹ̀ ẹ̀wà híhù.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ṣé ẹ ti jẹun?" Ìyá Bang bi í bó ṣe wọlé.

"Mo ti jẹ, Ìyá."

Irọ́ ni. Gbogbo wa la máa ń pa irọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tí kì í mọ̀. Ìyá Bang wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé abọ́ ọbẹ̀ tó ń hó síwájú rẹ̀, ó sì jókòó tì í.

"Du-sik àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń wá," ó ní. "Pyo Jong-dae. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n nínú ẹbí o. Ibi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà ni wọ́n ti mọra. Tí wọ́n bá ti rí dókítà tán, ọ̀dọ̀ mi ni. Ọ̀gá, wèrè ni àwọn méjèèjì, wèrè tó dùn ún wò. Dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ mu ọtí soju. Ni wọ́n bá ń rọ tíì ọkà báálì sínú ife soju. Du-sik á fi ọwọ́ méjèèjì rọ fún Pyo, torí Pyo fi ọdún kan jù ú lọ. Pyo náà á gba ìgò, á rọ fún un padà. Du-sik á wá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó mu ún, bí ẹni pé iwájú bàbá ìyàwó rẹ̀ ló wà. Tíì lásánlàsàn! Mo ní, ẹ̀yin àgbààyà wọ̀nyí, tíì kì í pa èèyàn bí ọtí, ẹ máa dà á sọ́fun."

Ọ̀rọ̀ tó sọ tán yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé Ìyá Bang fúnra rẹ̀.

"Ṣé Du-sik kì í rọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀?" Maeng bi í.

"Ẹ̀yin náà, ọ̀gá. Ta ló ń rọ fún ara rẹ̀ nígbà tí ẹnì kejì jókòó síbẹ̀? Ṣé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni?"

"Ìgbà wo ni wọ́n wá kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n rí òkú rẹ̀. Wọ́n ń dágbére ọdún fún ara wọn, torí ilé ìwòsàn ò ní pè wọ́n mọ́ títí ọdún á fi lọ." Ó fi aṣọ ìnuwọ́ nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Du-sik kọjú sí àga tí kò sẹ́ni níbẹ̀, ó ní, 'Ìyàwó mi, ṣé o ti jẹun?' Mo fi rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Inú mi ò dùn sí ẹ̀rín yẹn mọ́, ọ̀gá."

Maeng rántí abọ́ ẹ̀wà tó pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ, ó sì jẹ ọbẹ̀ náà tán. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti jókòó tì í bó ṣe ń jẹun, kò sì fẹ́ dìde.

Ilé Pyo Jong-dae wà níbi tí wọ́n ti máa ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ èbúté tuntun. Ọkùnrin gbọọrọ ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí okùn, imú rẹ̀ ń dà. Omijé ti mú ojú rẹ̀ wú. Yàrá rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ti fọ aṣọ ojú fèrèsé.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹ, Bàbá. Ẹ kú ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ yín."

Pyo fi bébà nu imú. "Àbúrò mi ni. Mi ò lábùúrò míì. Ọ̀gá, lọ́dún tó kọjá, mo gbé òògùn apakoríko mu. Ẹni tó wá ka mítà iná ló bá mi nílẹ̀. Kò sẹ́lòmíì tó ń wá síbí. Wọ́n fọ inú mi, wọ́n gbé mi fún Dókítà Seok. Látìgbà tí mo ti ń lo òògùn rẹ̀ ni mo ti ń sùn. Mo tún ń se oúnjẹ. Gidi ni wọ́n fún mi, ẹ wo ètè mi bó ṣe gbẹ."

"Ti Du-sik ńkọ́?"

"Gidi ni tirẹ̀ náà." Ó gbójú kúrò. "Ó pẹ́ kó tó mú un ni."

"Ìyá onílé ní kò lè ka ìwé ìròyìn mọ́. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì."

"Ìyẹn ò ju nǹkan kan lọ. Ó máa ń lọ béèyàn bá ti gúnlẹ̀."

"Béèyàn bá ti ṣe kí ni?"

"Bára bá ti balẹ̀ ni mo wí." Pyo tún nu imú.

Maeng dúpẹ́, ó sì lọ. Lóru ọjọ́ náà, ó dúró ti sítóòfù nílé, ó ń jẹ nọ́dùsù nínú ìkòkò tó fi sè é. Ìyàwó rẹ̀ pè láti Kánádà, ó bi í bóyá ó ti jẹun, Maeng ní òun ti jẹ ẹran dáadáa. Àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé. Lẹ́yìn tí fóònù kú, yàrá dákẹ́ rọ́rọ́, inú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn sì ni ọ̀rọ̀ kan ti padà wá bá a. Gúnlẹ̀. Ta ló ń sọ pé òun gúnlẹ̀? Aránṣọ kì í sọ ọ́. Ẹni tó ń jókòó nínú yàrá ìdúró dókítà kì í sọ ọ́. Àwọn tó ti lo òògùn inú rírú rí nìkan ló mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ti dé èbúté, tí wọ́n sì ti jáwọ́ nínú rẹ̀, ojú á là. Ó pe sájẹ́ńtì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni èsì dé: Pyo ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń gbé èrò lọ sí àwọn erékùṣù láti ìgbà èwe rẹ̀ títí tó fi darúgbó.

Maeng gba àṣẹ ilé ẹjọ́, ó padà sọ́dọ̀ dókítà, ó ní kó wo ti Pyo náà. Dókítà Seok kò fẹ́. Nígbà tó wò ó tán, ojú rẹ̀ funfun.

"Òfìfo ni òun náà," ó ní.

"Ẹnu rẹ̀ gbẹ, Dókítà. Mo rí i."

"Òògùn ikun imú ni. Ó ń rà á fúnra rẹ̀, kò sọ fún wa, àfi láìpẹ́ yìí tó dárúkọ rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Ìyẹn ló ń gbẹ ẹ́ lẹ́nu, òun sì rò pé tiwa ni. Ìrònú yẹn ló gbé e dìde." Ó di etí tábìlì mú. "Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín. Ohunkóhun tó bá ṣe, ẹ má sọ èyí fún un. Bó bá gbọ́ pé ìyẹ̀fun ló ń jẹ látọjọ́ yìí, ibi tó ti bọ̀ ló máa padà sí. Ẹ sì mọ ibẹ̀."

"Iṣẹ́ mi ni kí n sọ òtítọ́."

"Mo mọ̀," ni Dókítà Seok wí. "Iṣẹ́ tèmi náà ni."

Ọ̀sán ni Maeng ránṣẹ́ pe Pyo sí ilé oúnjẹ Ìyá Bang. Ilé oúnjẹ ti dá, oníkálukú ti lọ síbi ọdún. Ìyá Bang gbé ìgò tíì àti ife soju méjì sílẹ̀, ó wo ojú àwọn méjèèjì, ó sì wọ ilé ìdáná lọ. Maeng fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò, ó rọ fún Pyo bí àbúrò ṣe ń rọ fún ẹ̀gbọ́n. Pyo mu ún. Kò rò ó rárá tó fi gba ìgò, tó sì rọ fún Maeng padà, torí ife kì í ṣófo níwájú ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́. Maeng tẹrí ba, ó gbà á, àmọ́ kò mu ún.

"Báyìí lẹ ṣe ń rọ fún un, Bàbá."

Pyo wo ife náà.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rò ó. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ tún mi ṣe. Ìgò kan náà lẹ̀yin méjèèjì jọ ń mu, orí tiyín ò sì dàrú. Inú ife ni nǹkan náà wà nígbà náà, kò sí nínú ìgò. Ta ló lè fi nǹkan sí ife Du-sik? Òun kọ́, kì í rọ fún ara rẹ̀. Ìyá Bang kọ́, ìgò ló ń gbé wá, kì í fọwọ́ kan ife yín mọ́. Ẹ̀yin ló kù. Ọwọ́ méjèèjì ni àbúrò fi ń rọ. Ọwọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n fi ń rọ, ọwọ́ rẹ̀ kejì ò níṣẹ́. Ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹrí ba, kò lè máa wo ọwọ́ àgbà. Ọ̀wọ̀ tó ní fún yín ni kò jẹ́ kó rí i. Mo mọ nǹkan tí ẹ fi síbẹ̀, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo mọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i, ẹ sọ fún mi fúnra yín pé ó máa ń lọ béèyàn bá ti gúnlẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni ìdí tí ẹ fi ṣe é. Kò sí nǹkan kan láàárín yín àfi ìfẹ́."

Pyo ti ọwọ́ bọ àpò. Ó mú agolo kékeré kan tó ti dípẹtà jáde, ó gbé e sáàárín àwọn ife. Ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀.

"Ó fẹ́ fi wá sílẹ̀," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Níbi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn ló ti sọ ọ́. 'Ẹ̀gbọ́n, ìyẹ̀fun ni wọ́n fún mi. Ẹnu yín gbẹ, tèmi ò gbẹ. Mi ò ní wá mọ́.' Ọ̀gá, bí kò bá wá mọ́, ta ni mo máa bá jẹun? Ẹni tó ń ka mítà? Mo ní òògùn inú rírú díẹ̀ nílé látìgbà tí mo wà nínú ọkọ̀. A máa ń fún àwọn ọmọdé lórí omi, kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Mo lọ̀ ọ́. Mo fi díẹ̀ sí i, díẹ̀ báyìí. Bó ṣe délé ló pè mí, ó ń pariwo lórí fóònù pé, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹnu mi ti gbẹ o.' Ó ń sunkún. Èmi náà ń sunkún. Ṣé ẹ mọ bó ṣe rí láti gbọ́ kí inú ẹnì kan máa dùn, kó sì jẹ́ pé ẹ̀yin ló kọ́kọ́ pè?"

Maeng kò mọ̀. Ó wù ú kó mọ̀.

"Ó ṣe dáadáa fúngbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó ní kò gbẹ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, bóyá agbára rẹ̀ ti tán. Ni mo bá ń fi kún un. Lọ́jọ́ tá a dágbére ọdún, mo fi púpọ̀ sí i, kó lè gbé e dé ìgbà tá a bá tún ríra. Ọdún gùn fẹ́ni tó ń dá gbé, ọ̀gá. Ó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ọ. Mo rò pé àárò ló ń sọ ọ́. Èmi náà máa ń bá ògiri sọ̀rọ̀." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú. "Mo pa á. Mo pa àbúrò mi nítorí kí n lè rẹ́ni bá jẹun."

Maeng kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kó sunkún dé ibi tó fẹ́ dé. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Mo ní láti mú yín lọ sí àgọ́, Bàbá."

"Mo mọ̀." Pyo nu ojú, ó tún kóòtù ara rẹ̀ ṣe, ó múra bí ẹni tó fẹ́ dìde, àmọ́ kò dìde. "Ọ̀gá, wọ́n ti sọ ti Du-sik fún yín, àbí?"

"Wọ́n sọ ọ́. Òfìfo ni."

"Mo ti fura." Ó gbé ojú sókè. "Tèmi ńkọ́?"

Ọdún gbọọrọ ni Maeng ti fi ṣe ọlọ́pàá. Ó ti fi ọgbọ́n tan olè, ó ti dákẹ́ níbi tó yẹ kó sọ̀rọ̀, àmọ́ kò tíì wo ojú ẹni tó jẹ́wọ́ fún un kó sì purọ́ fún un rí. Ó ro yàrá àhámọ́ tí ọkùnrin yìí máa sùn sí. Ó ro ọdún tó ń bọ̀, tí kò sẹ́ni tí yóò wá wò ó, kò tiẹ̀ ní rí ẹni tó ń ka mítà. Ẹ̀rù bà á.

"Gidi ni tiyín, Bàbá," ó ní. "Mo rí i lójú kọ̀ǹpútà."

Pyo mí kanlẹ̀. Èjìká rẹ̀ rọlẹ̀. "Mo mọ̀. Ó máa ń hàn lára." Ó wo aago ara ògiri, ó tún ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ hóró òògùn ọ̀sán rẹ̀ jáde. "Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n lò ó ká tó lọ?"

Maeng fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò, ó rọ tíì kún ife rẹ̀. Àgbàlagbà náà fi hóró náà sórí ahọ́n, ó gbé e mì, ó dijú fúngbà díẹ̀, ó ń retí. Ojú rẹ̀ tù.

"Ẹ rí i," ó ní, ó fi ìka kan ètè rẹ̀, "ó ti ń gbẹ."

Maeng ní òun rí i.